Adúmáadán ni wá: ẹ yé parọ́ mọ́ awọ wa

Ọ̀rẹ́ wa kan wà ní kíláàsì tí kì í wọ ẹ̀wù alápá kúkúrú mọ́. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí fáànù méjì péré ń yí nínú mẹ́fà, ẹ óò bá a tí ó ti bọ́tìnnì apá ẹ̀wù rẹ̀ pa dé ọrùn ọwọ́. Àwa tí a sún mọ́ ọn mọ ohun tó ń bò. Òòlù alágbẹ̀dẹ kan ni, ó fín in sí apá òsì. Ó yẹ kí òòlù náà dà bí irin. Ohun tó dà bí ni ẹ̀kọ tó dà sí ènìyàn lára tí wọn ò nù ún kó tó gbẹ.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Bàbá náà ti kú, ilé agbẹ̀dẹ ti di ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, òòlù kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Òòlù yẹn ni ọ̀rẹ́ wa yà ní fọ́tò, tó gbé lọ bá oní-tátù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló ti ń tọ́jú owó rẹ̀. Kó tó jókòó dáadáa, oní-tátù ti gbé apá rẹ̀ wò lábẹ́ iná, ó ní: "Brọ̀, awọ ẹ ti dúdú jù. Irin ò lè dán lórí ẹ̀. Àfi ká fi íńkì funfun gbé e jáde."

Wọ́n fi íńkì funfun gbé e jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ká má parọ́, ó wuyì. Wọ́n fi òróró pa á, wọ́n yà á ní fọ́tò, fọ́tò náà wà lójú ìwé wọn títí di òní olónìí. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, funfun náà ti pọ́n bí eyín amutábà. Ó padà lọ. Wọ́n tún da funfun lé funfun. Ó tún padà lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn ni ojú ibẹ̀ wú, tó le, tó ń yún un lóru. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí pé kí ló ṣẹlẹ̀, yóò dá yín lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé: "Awọ mi ni kò gbà á."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà. Mi ò bá ọ̀rẹ́ mi jà o; àwọn tó kọ́ ọ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá jà. Awọ rẹ̀ kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tó fín in ni kò mọ bí irin ṣe ń dán, nígbà tí iṣẹ́ sì bàjẹ́ tán, ó wá ẹni tí kò lè fèsì láti di ẹ̀bi rù, ìyẹn awọ.

(Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ara fínfín kì í ṣe àṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Èdè tó ní olóòlà, ilà, gbẹ́rẹ́ àti ara fínfín kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé ènìyàn lè kọ nǹkan sí ara. Ohun tí mo fara mọ́ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tó ní kí ẹnikẹ́ni má fín ọmọdé lára, kó má sì kọlà fún un. Àgbàlagbà tó fi owó ara rẹ̀ ṣe é ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí.)

Ó yá, ẹ mú ṣíbí kan. Kì í ṣe àfiwé ni mò ń ṣe. Ẹ dìde, ẹ lọ mú ṣíbí onírin kan ní ilé ìdáná, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Àwọ̀ wo ni ṣíbí náà ní? Ẹ óò kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé "sílífà". Ẹ tún un wò. Fèrèsé wà níbẹ̀, ó kéré, ó funfun, ó tẹ̀ kọrọdọ. Ojú yín náà wà níbẹ̀ lódìkejì, orí nísàlẹ̀, àgbọ̀n lókè. Ẹ̀wù yín wà níbẹ̀ bí ilà dúdú kan. Ògiri wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àwọ̀ kan tó jẹ́ ti ṣíbí fúnra rẹ̀. Irin tí wọ́n ti nù dán kì í fi ara rẹ̀ hàn. Ohun tó yí i ká ló ń fi hàn. Ìdí nìyí tí ṣíbí kan náà fi ń dúdú ní yàrá tó ṣókùnkùn, tó sì ń funfun ní ìta.

Ẹ wá mú ṣíbí onírọ́bà kan, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Lórí rọ́bà, ìmọ́lẹ̀ ń rọra rìn lọ sínú òkùnkùn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lórí irin, kò sí àtẹ̀gùn. Ibi tó funfun jù àti ibi tó dúdú jù fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ààlà tó wà láàrin wọn sì mú bí etí abẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ojú wa ti ń mọ̀ pé irin nìyí. Ojú wa kò wá àwọ̀ kankan. Ìfò láti dúdú sí funfun yẹn ló ń wá, àti bí àwọn ilà náà ṣe ń tẹ̀ lé ara nǹkan, tí wọ́n ń tẹ̀ níbi tó bá tẹ̀, tí wọ́n ń fún pọ̀ ní etí rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni íńkì funfun ń ràn lọ́wọ́? Ẹni tó bá da funfun sí ojú òòlù, tó wá fi àwọ̀ eérú rọra pa á pọ̀ mọ́ dúdú, rọ́bà ló fín. Ì báà jẹ́ pé awọ oníbàárà funfun bí òwú, rọ́bà náà ni yóò jẹ́. Mo ti rí irú rẹ̀ lára àwọn òyìnbó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀lọpọ̀: idà tó dà bí ìdọ̀bọ́rọ́, ẹ̀wọ̀n tó dà bí soséèjì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé awọ wọn ti funfun jù.

Ẹ tún jẹ́ kí n mú yín wọ pálọ̀ àwọn bàbá wa. Fọ́tò kan sábà máa ń wà lára ògiri níbẹ̀, ti ìgbà tí kò tíì sí fọ́tò aláwọ̀ mèremère: bàbá àgbà nínú agbádá, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún kí aago ọwọ́ rẹ̀ lè hàn. Fọ́tò náà ti gbó, gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ tábà. Kò sí àwọ̀ fàdákà kankan lójú bébà yẹn. Síbẹ̀ ẹ kò tíì béèrè rí bóyá igi ni aago náà tàbí irin. Ó ń dán lójú yín láti ọdún yìí wá. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù lára aago náà, tí ẹ bá gbé bébà funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí i pé àwọ̀ ilẹ̀ ni, kò funfun rárá. Ó funfun lójú yín nítorí pé dúdú ló yí i ká. Bébà tábà kan lè gbé irin, ṣùgbọ́n awọ ọ̀rẹ́ mi kò lè gbé e? Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe tuntun. Ní 1435, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Leon Battista Alberti kọ ìwé nípa àwòrán kíkùn. Àwọn ayàwòrán ayé ìgbà náà a máa lẹ wúrà gidi mọ́ ojú àwòrán wọn níbi tó bá yẹ kí wúrà wà. Alberti kò gba tiwọn. Ó ní ẹni tó bá fi ọ̀dà lásán mú kí ojú rí wúrà ló yẹ kí a yìn. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1434, Jan van Eyck, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bruges ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Belgium lónìí, ti ya àwòrán tọkọtaya Arnolfini, tó wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Àtùpà onídẹ kan rọ̀ láti òkè àjà lókè orí wọn, àbẹ́là kan ṣoṣo ló ń jó nínú rẹ̀. Ẹ wá a lórí fóònù yín, kí ẹ fẹ̀ ẹ́. Idẹ pọ́nńbélé ni ojú yóò pè é. Ọ̀dà ni. Dúdú, àwọ̀ ilẹ̀, àti ìwọ̀nba àmì kéékèèké tó mọ́lẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún tí wọ́n ti yanjú ẹjọ́ yìí, oní-tátù wa ṣì ń wá fàdákà nínú ìgò íńkì.

Awọ gan-an ńkọ́? Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ ìyà tí àmì ohùn ń jẹ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ẹ kọ "awo" lásán ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí ẹ ń sọ. Awọ ni ohun tó bo ẹran ara. Àwọ̀ ni dúdú, funfun, pupa. Oní-tátù tó sọ pé "awọ ẹ ti dúdú jù" pa méjèèjì pọ̀, ó sì gbàgbé ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe nínú awọ. Íńkì tó dúró lára kò sí lójú awọ. Abẹ́rẹ́ ń gbé e kọjá awọ òkè lọ sí awọ ìsàlẹ̀; èyí tó bá kù sí awọ òkè yóò bó dànù bí ojú ibẹ̀ bá ti ń jinná. Awọ òkè yẹn ni èròjà tó ń fún wa ní dúdú wà. Nítorí náà gbogbo íńkì tí a fín sí wa lára, láti ẹ̀yìn dígí aláwọ̀ ni a ti ń wò ó. Ẹ fi bébà funfun sí ẹ̀yìn dígí aláwọ̀ tábà, kí ni ẹ óò rí? Bébà aláwọ̀ tábà. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí òòlù ọ̀rẹ́ mi. Kò sí iye funfun tí wọ́n lè dà síbẹ̀ tí yóò mọ́lẹ̀ ju awọ tó bò ó lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó tàn nítorí pé íńkì ṣì wà nínú awọ òkè, kò tíì bó.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ní ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tó bá mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí mọ̀ pé àtúnṣe kò lè ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tó ń padà sí ojú kan náà léraléra ń ya awọ ni, àwa aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tí àpá máa ń tètè wú sí lára, tó sì ń tóbi kọjá ibi tí ọgbẹ́ wà. Bí wọ́n bá wá ní kó lọ fi lésà pa á rẹ́, ìṣòro mìíràn tún nìyẹn: titanium dioxide ló ń mú kí íńkì funfun funfun, lésà sì lè sọ ọ́ di dúdú tàbí àwọ̀ eérú lójú ẹsẹ̀. Funfun tí wọ́n ní yóò gbà á là ló wá ṣòro jù láti mú kúrò.

Dúdú ńkọ́? Íńkì dúdú ń hàn lára wa. Ó ń hàn lára ẹni tó pupa, ó ń hàn lára ẹni tó dúdú bí kóró iṣin, bí wọ́n bá fín in kún dáadáa. Èyí túmọ̀ sí pé ohun méjì wà lọ́wọ́ oní-tátù kó tó bẹ̀rẹ̀: dúdú tó wà nínú ìgò, àti awọ tó wà níwájú rẹ̀. Awọ ni ìmọ́lẹ̀. Ibi tí irin bá ti gbọ́dọ̀ tàn, kó má fọwọ́ kàn án. Kó fi awọ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó wá fi dúdú tó dúdú jù lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, láìsí eérú láàrin wọn. Awọ yẹn yóò tàn. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi lápá obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀wọ̀n kan tó fín yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká, awọ rẹ̀ dúdú ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ. Mo rò pé ẹ̀wọ̀n gidi ni títí ó fi na ọwọ́ gba ṣéńjì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wò ó dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀kán funfun kan níbẹ̀.

Mo mẹ́nu kan kóró iṣin. Ẹ rántí bó ṣe rí nígbà tí iṣin bá là: kò sí ohun tó dúdú jù ú lọ, kò sì sí ohun tó ń dán jù ú lọ. Àmì ìmọ́lẹ̀ kan péré wà lórí rẹ̀, ó tó. Èdè wa kò pe dídán ní àwọ̀ rí. Dúdú, funfun àti pupa ni a fi ń pe àwọ̀. Dán, ìṣe ni. Irin ń dán, ó ń kọ mọ̀nà, ó ń tàn yinrinyinrin. Nǹkan dúdú lè dán. Àwọn ìyá wa mọ èyí dáadáa débi pé wọ́n sọ ọ́ di oríkì ẹwà: adúmáadán. Ẹni tó dú, tó sì ń dán. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kò sí "ṣùgbọ́n" nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò sọ pé ó dú ṣùgbọ́n ó ń dán. Èdè tí à ń kọ́ ní yunifásítì ti mọ ohun tí oní-tátù yẹn kò mọ̀, òun náà sì ń sọ èdè ọ̀hún láti kékeré.

Mi ò ní sọ pé gbogbo nǹkan rọrùn o. Bí awọ bá ti dúdú gan-an, àyè tó wà láàrin awọ àti íńkì dúdú kéré sí ti ẹni tó pupa. Ẹni tó bá fẹ́ òrùka tín-ín-rín tó ní ọgọ́rùn-ún àmì nínú, kó lọ tún un rò. Kí iṣẹ́ náà tóbi. Kí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fẹjú. Kí eérú dínkù, nítorí eérú, ìyẹn dúdú tí wọ́n fi omi là, ni ó kọ́kọ́ máa ń pòórá sínú awọ wa. Fàdákà tó tutù, tó ń fẹ́ jọ búlúù, kò ní rí bákan náà lára wa bó ṣe rí lára òyìnbó. Yóò mú àwọ̀ ara wa, bí aago bàbá àgbà ṣe mú àwọ̀ bébà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bàbà tàbí idẹ ni ènìyàn fẹ́, ta ló ní àǹfààní? Òyìnbó gbọ́dọ̀ ra àwọ̀ ilẹ̀ nínú ìgò kó tó lè bẹ̀rẹ̀. Àwa ti gbé e wá láti ilé. Ẹ gbé ẹ̀gbà idẹ àtijọ́ kan sí ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ wo ibi tó ti wà ní ìbòji: àwọ̀ yín ni.

Ohun mìíràn tí òòlù yẹn fi bàjẹ́ kò kan awọ rárá. Mo ti rí òòlù bàbá náà, ọ̀rẹ́ mi gbé e wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan. Ara rẹ̀ ti dógùn-ún, ó rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ, kò dán rárá. Ó gba ìmọ́lẹ̀ bí amọ̀ ṣe ń gbà á. Ojú rẹ̀ níbi tó fi ń lu irin nìkan ló ń dán, ó dán bíi dígí, etí rẹ̀ sì ti yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbésí ayé alágbẹ̀dẹ kan wà nínú ìyàtọ̀ tó wà láàrin ibi méjì yẹn. Oní-tátù wa mú kí gbogbo rẹ̀ máa tàn láti òkè délẹ̀. Òòlù tó bá ń dán láti òkè délẹ̀, òòlù tí kò tíì lu nǹkan kan rí ni, inú ọ̀rá ló ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Irin, idẹ, bàbà, òjé, wúrà, èyí tí wọ́n nù lánàá àti èyí tí òjò ti pa fún ogún ọdún, dídán wọn kò dọ́gba. Ẹ kò lè fín ohun tí ẹ kò wò.

Kí ló wá dé tí àṣìṣe yìí fi wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, orí bébà funfun ló ti bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń fín ara ti kọ́ àwòrán, awọ àtọwọ́dá tí wọ́n sì sábà ń fi dánra wò, àwọ̀ òyìnbó ló ní. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ báyìí ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ àti funfun, nǹkan kan náà ni. Lọ́jọ́ tó bá pàdé apá dúdú, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ji ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì sáré lọ gbé ìgò funfun láti dá a padà. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Kó já páálí kan, páálí lásán, kó mú pẹ́ńsù dúdú kan ṣoṣo, kó gbé ṣíbí síwájú, kó yà á. Kó má fi funfun kankan sí i. Bí ṣíbí náà kò bá dán lórí páálí, kò ní dán lára ènìyàn. Kó ya ogún kó tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Ìdí kejì ni fọ́tò. Ẹ lọ wo ojú ìwé àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí. Ọjọ́ tí wọ́n fín in ni wọ́n yà á: ara ṣì pupa, òróró ṣì wà lórí rẹ̀, iná rìbìtì kan dojú kọ ọ́. Ohun tí ẹ ń rí tó ń dán yẹn, òróró ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi fóònù bó oníbàárà láwọ̀ kí wọ́n tó gbé e síta. A ti kọ̀wé níbí lọ́pọ̀ ìgbà lòdì sí ọṣẹ abóra, gbogbo yín sì pa àtẹ́wọ́. Ẹni tó ń bó fọ́tò ọmọlọ́mọ kí iṣẹ́ tirẹ̀ lè dára, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta ọṣẹ yẹn?

Wọ́n yóò sọ pé mi ò di ẹ̀rọ mú rí, pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí. Òótọ́ ni. N kò sì lè dáná, ṣùgbọ́n mo mọ̀ bí ọbẹ̀ bá jóná. Wọ́n yóò tún sọ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún funfun, àti pé àwọn kò lè lé owó. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn náà, àwa oníbàárà sì jẹ̀bi tiwa. A rí irin tó ń dán lápá agbábọ́ọ̀lù kan, a fẹ́ kó rí bákan náà gẹ́lẹ́ lára wa, a kò béèrè ìbéèrè kankan, a sì fẹ́ kó parí lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi ló dárúkọ íńkì funfun. Òòlù ló gbé lọ. Wọ́n ló fi funfun dá a lóhùn.

Ó ti lọ rí dókítà awọ nísinsìnyí, wọ́n ní kó má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kankan kàn án títí ojú ibẹ̀ yóò fi rọlẹ̀ pátápátá. Páálí bísíkíìtì tí a já ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń ya òòlù sí ní gbogbo alẹ́. Ẹyọ kẹjọ ti ń dán. Ó ṣì ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn.

Èmi ní tèmi kọ̀wé sí àwọn tó fín in, mo bẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n fi fọ́tò ẹyọ kan ránṣẹ́ sí mi: irin kan tí wọ́n fi íńkì funfun gbé jáde lára ẹni tó dúdú tó wa, tó ti pé ọdún kan, láìsí òróró, nínú ìmọ́lẹ̀ ìta lásán. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lánàá. Wọ́n ti kà á, àmì búlúù méjèèjì ti hàn. Fọ́tò kankan kò tíì wọlé.